Owó Sàráà Bàbá Wa àti Yàrá Tí Wọ́n Ti Ń Wẹ Òkú

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kó owó sàráà bàbá wa lọ sí ibi tí ọwọ́ wa kò ti tó o mọ́, tó sì wá jókòó sórí àga ìyá wa ní Peckham níbí, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Mo tètè sọ ọ́ báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé inú mi ti rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kò tíì rọ̀.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni bàbá wa, gúúsù London yìí ló sì ti wà á títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó kú, iléeṣẹ́ rẹ̀ san owó kan fún ìdílé. Kì í ṣe owó rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n fún àwa tí a dàgbà sínú fúláàtì ìjọba, owó gidi ni. Ìyá mi kò jẹ́ kí a jíròrò lórí rẹ̀ rárá. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni kí a fi ṣe sàráà fún un, irú èyí tí láádá rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró, tí yóò máa bá a nínú sàréè rẹ̀. Gbogbo wa gbà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá òun ṣètò rẹ̀, torí òun ni àkọ́bí, òun ló sì ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn olówó ní City, àdúgbò àwọn báńkì ńlá London. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Dípò kó pín owó fún àwọn tó yẹ, ó lọ ṣí nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní giving fund. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa ni pé àpò kan ni, tí iléeṣẹ́ kan ń bójú tó. Tí èèyàn bá ti kó owó sínú rẹ̀, ìjọba á fi díẹ̀ kún un látinú owó orí, iléeṣẹ́ náà á máa fi dókòwò kó lè pọ̀ sí i, ìdílé á sì máa sọ ẹgbẹ́ aláàánú tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ohun tí kò tètè sọ fún wa ni pé láti ọjọ́ tí owó náà ti wọ ibẹ̀, kì í ṣe tiwa mọ́. Àwa lè dábàá. Àwọn ló máa pinnu.

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn àsàlátù, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ wa.

“Mummy, ẹ wò ó, it has grown.”

“Kí ló dàgbà?” ìyá mi bi í.

“Owó Daddy. They invested it, ó ti lé sí i.”

“Ta ni wọ́n ti fún nínú ẹ̀?”

“Wọn ò tíì fún ẹnì kankan, Mummy. Àwa la máa choose. There’s no rush.”

Ìyá mi wò ó títí. “Ọkọ mi ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà òtútù,” ó ní, “sàráà rẹ̀ wà ní báńkì, ó ń sanra.” Lẹ́yìn náà ló bi í bóyá èlé ló fi ń sanra. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá o, òun ti yan èyí tí kò sí èlé nínú ẹ̀, tí kò sí ọtí nínú ẹ̀. Bóyá òótọ́ ni. Mi ò bá a fà á, torí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà ti ń bí mi nínú lọ́tọ̀.

Wọ́n pín àwọn ẹgbẹ́ aláàánú sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ bí ọjà orí àtẹ ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ọmọdé lọ́tọ̀, ẹranko lọ́tọ̀, àrùn jẹjẹrẹ lọ́tọ̀, Áfíríkà lọ́tọ̀. Odindi Áfíríkà, orí àtẹ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ẹ́, ọmọ kan sì yọ sí wa, ikun ní imú, eṣinṣin létí ẹnu. Ojú ọmọ náà jọ ti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà ní Ìsẹ́yìn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi bóyá ẹnikẹ́ni nu imú ọmọ náà lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ tán. Ó ní kí n má bẹ̀rẹ̀ o.

Ìyá mi na ìka sí àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ti darúgbó ni.

“Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?”

“Yes, Mummy. People love them.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti inú ẹ̀ wá. Nígbà tó rín in tán, ó ní, “Ó dáa. Bá mi wá àwọn tó ń wẹ òkú jáde níbẹ̀.”

“Mummy, kò sí button for that.”

“Nígbà náà, kò sí èyí tí mo fẹ́ níbẹ̀. Pa á dé, jẹ́ ká jẹun.”

Kí n ṣàlàyé ohun tó ń béèrè. Yàrá kan wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà nígbà kan rí, nítòsí ojú irin. Tí obìnrin kan bá kú láàárín àwa Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá tó wà ní agbègbè yìí, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e lọ. Àwọn ìyá wa á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi káfúrà sí i lára, wọ́n á fi àkẹ́fánì, aṣọ funfun òkú, wé e, kí wọ́n tó gbé e fún àwọn ọkùnrin láti lọ kírun sí i lára. Ìyá mi ti wà lára wọn kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Àwọn tó kù náà, obìnrin bíi tiẹ̀ ni wọ́n: àwọn tó fi ìdajì ayé wọn gbá ọ́fíìsì, àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún aláìsàn ní ọsibítù, ẹnì kan tó ń rán aṣọ ní Brixton. Olórí wọn ni ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Òun ló ń mú ẹ̀gbọ́n mi láti iléèwé nígbà tí ìyá mi ń ṣe iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló kọ́ ọ ní àlùwàlá.

Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́fọ̀. Ohun tí wọ́n bá sì rí lára òkú, ẹnu wọn kì í gbé e jáde. Ìyá mi á dé láti ibẹ̀, á wẹ̀, á jókòó, á ní kí n bu omi tútù wá. Mo ti mọ̀ pé ó wẹ àwọn tí mo mọ̀, ìyá ọ̀rẹ́ mi, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì fún wa, kò sì sí ọjọ́ kan tó sọ fún mi bí ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣe rí. Wọn ò kọ orúkọ òkú sílẹ̀. Wọn ò ya fọ́tò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí àwọn tó kọ́ wọn náà sì ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ni yàrá náà kì í gba àdúrà gẹ́gẹ́ bí owó ilé. Àwọn ìyá wọ̀nyí ló ń dá a láàárín ara wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sì ni bàbá mi ń san látinú owó bọ́ọ̀sì tó ń wà, àti látinú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìyá mi nìkan ló mọ̀ títí bàbá mi fi kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àlàfo yọ. Lákòókò yẹn gan-an ni onílé àtijọ́ gbé ọ̀ràn ilé fún ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì wo àyíká, ó rí i pé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe ti di ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí. Ó ní òun fẹ́ owó ilé tuntun, tí a kò bá tíì gbà láti san án kí Iléyá tó dé, ká kó jáde.

Ohun tó wà nílẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Kó tó di Iléyá, ká rí owó yàrá, tàbí kí yàrá lọ. Ìyá mi kò rí ìdí tí sàráà ọkọ rẹ̀ fi máa wá ibòmíì lọ, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti ń lọ láti ọdún gbọọrọ. Èmi náà kò rí ìdí kankan.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kan ní Nunhead ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń dá àwọn aláìsàn lóhùn. Bí wọ́n ṣe ń fi ohùn dídùn sọ fún èèyàn pé kò ní ṣeé ṣe, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ni. Nítorí náà nígbà tí mo pe iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àpò náà, mo ti gbọ́ “rárá” kí obìnrin tó gbé fóònù tó kí mi tán. Ó ní ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni àwọn ń fún lówó. Mo ní àwọn ìyá wa kò forúkọ sílẹ̀. Ó ní áà, ó mà ṣe o. Mo ní owó bàbá mi ni. Ó ní òun mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n owó náà ti di ti àpò. Mo ní kó fún mi ní ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà ní ọ̀nà kan wà. Àwọn lè yẹ ẹgbẹ́ kékeré wò, tí wọ́n bá rí i pé òótọ́ ni iṣẹ́ wọn, pé wọ́n sì nílò ìrànlọ́wọ́, wọ́n lè gbà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ìyàtọ̀ wo ni iṣẹ́ yín ń mú bá ìgbésí ayé àwọn tí ẹ ń ràn lọ́wọ́?

Mo ní, “Wọ́n ti kú.”

Ó ní ìyẹn yé òun, ṣùgbọ́n ṣé a lè rí lára wọn kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa bí iṣẹ́ wa ṣe rí?

“Lára àwọn tí a wẹ̀?”

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé fóònù kúrò létí, mo wò ó bóyá fóònù náà ló bàjẹ́. Nígbà tí mo padà sí i, ọ̀gá náà ti gbọ́ ohun tó sọ, ó ń tọrọ gáfárà, a sì fi àdéhùn sí i pé wọ́n á rán ẹnì kan wá wo yàrá náà.

Mo lọ bá Ìyá Àgbà lọ́jọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé kúnná. Mo ní, “Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe wà ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ibi tó ń jò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ti kú, pé kẹ́tùlù lẹ fi ń se omi. Ẹ má tún nǹkan kan ṣe.”

Ó ní òun gbọ́. Ó ní kí Ọlọ́run bá mi tọ́ àwọn ọmọ mi. Ó yẹ kí n ti fura sí àdúrà yẹn.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá, mo ti ibi iṣẹ́ sáré dé. Kí n tó wọlé ni òórùn ọ̀dà ti gbà mí nímú. Mo ṣílẹ̀kùn, mo rò pé mo ṣi ibi wọ̀. Wọ́n ti kun ògiri náà funfun báláú, gbogbo èérí dúdú tí ọ̀rinrin ti fi sí i lára ti wọlé sábẹ́ ọ̀dà. Wọ́n yá kápẹ́ẹ̀tì pupa láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n tẹ́ ẹ bo ibi tí sìmẹ́ńtì ti fọ́, níbi tí ẹnì kan ti ṣubú fi ẹsẹ̀ rọ́ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti yá ẹ̀rọ omi gbígbóná ńlá tó ń dán gbinrin. Wọ́n ti fi léèsì bo tábìlì tí wọ́n ń wẹ òkú lórí ẹ̀, wọ́n gbé òdòdó oníke sí àárín rẹ̀. Ìrẹsì wà níbẹ̀, adìẹ wà níbẹ̀, mọ́ínmọ́ín wà níbẹ̀. Gbogbo wọn wọ aṣọ Jímọ̀ wọn, ìyá mi náà sì wà láàárín wọn, ó ń fi aṣọ nu àga tí wọ́n yá.

Inú bí mi. “Mummy, kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Àlejò ń bọ̀,” ìyá mi dáhùn.

“Mo ní kí ẹ má tún nǹkan kan ṣe!”

Ìyá Àgbà ló dá mi lóhùn. Kò tiẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń bu ìrẹsì. “Kí àlejò wá bá ilé wa báyẹn? Tèmi kọ́. Ìwọ gbé omi yẹn wá.”

Mo gbé omi náà wá. Kí ni mi ò bá ṣe?

Mo ṣì ní ìrètí díẹ̀, torí mo rò pé òyìnbó kan ni wọ́n máa rán, tí màá lè fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n fi ibi tó ń jò hàn án. Ọmọ wa ni wọ́n rán. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí síbí, tó so ìdánimọ̀ iléeṣẹ́ mọ́ ọrùn, tó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó fi Yorùbá aláìlóhùn ti àwọn ọmọ ìlú yìí sọ pé, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ma. Ẹ kú iṣẹ́ ma.” Àwọn ìyá wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e jó. Mo sì rí i lójú Ìyá Àgbà pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Níwájú òyìnbó, bóyá ẹnì kan ì bá ráhùn díẹ̀. Níwájú ọmọ wa, láéláé.

Wọ́n ní kó jẹun, ó jẹun. Wọ́n béèrè ìlú bàbá rẹ̀, wọ́n sì rí ẹni tó mọ ilé wọn. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé rẹ̀ jáde.

“So, Aunties, what are your challenges? Kí ni ìṣòro yín?”

“Ìṣòro kẹ̀?” Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò sí wàhálà kankan.”

“The building? Everything’s okay with the building?”

“Ó dára gan-an ni. Ṣé o ò rí i ni?”

Ọmọ náà wò yí ká. Mo ní, “My dear, that wall is wet, it’s just paint,” mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ká etí kápẹ́ẹ̀tì náà. Ìyá mi wò mí. Gbogbo ọmọ tí Yorùbá bí ló mọ irú ìwò yẹn. Ọwọ́ mi fi kápẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí mo ti bí mẹ́ta.

Ọmọ náà tún béèrè lọ́nà mìíràn, ó tún béèrè lọ́nà mìíràn. Ṣé owó ilé ń ni wọ́n lára? Ọlọ́run ń pèsè. Ṣé iṣẹ́ náà kò pọ̀ jù fún ọjọ́ orí wọn? Ara le, a dúpẹ́. Ṣé ohun kan wà tí wọ́n fẹ́ kí iléeṣẹ́ òun ṣe fún wọn? Ìyá Àgbà ní kí wọ́n máa gbàdúrà fún wa. Nígbà tó dìde, wọ́n di oúnjẹ fún un sínú àpò ọ̀rá, ó ní òfin kò gba òun láyè láti gbà á. Wọ́n ní òfin wo? Wọ́n fi kọ́ ọ lọ́wọ́, wọ́n sìn ín dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró, wọ́n ń juwọ́ sí i títí bọ́ọ̀sì fi yà. Inú wọn dùn. Wọ́n rò pé àwọn ti yege.

Èsì dé. Wọ́n ní àwọn mọrírì iṣẹ́ ribiribi tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe, ṣùgbọ́n yàrá náà wà ní ipò tó dára, ẹgbẹ́ náà sì ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ láìsí ìnira. Wọn kò rí àìní kankan. Ẹ lè yan ẹgbẹ́ mìíràn.

Mo pe ọmọbìnrin náà. Gbogbo èébú tí mo ti kó sẹ́nu, mo fẹ́ tú u sí i lára. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. “Aunty, I knew,” ó ní, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. “I could smell the paint. Grandma mi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí social worker bá ń bọ̀. But I asked them, Aunty. I asked, I asked. Ohun tí wọ́n sọ ni mo gbọ́dọ̀ kọ. If I write something else, I’m lying.” Mo pa fóònù náà. Ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú jù, pé mi ò rí ẹni bú.

Mo padà sílé, mo bá ìyá mi nínú yàrá ìdáná. Mo ní, “Ẹ ò sọ! Ó bi yín, ó bi yín, ẹ ò sọ! Kí ló dé tí ẹ ò lè la ẹnu kí ẹ sọ pé ẹ nílò owó?”

Ó ń gé àlùbọ́sà, kò dúró.

“Owó ta ni?” ó bi mí.

“Owó Daddy.”

“O fẹ́ kí n wá máa tọrọ owó ọkọ mi lọ́wọ́ ọmọ kékeré.” Kò sọ ọ́ bí ìbéèrè. “Bàbá yín fi owó yẹn sílẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi ṣe sàráà. Kí n wá wọ àkísà kí n tó lè fi ṣe sàráà?”

Mo ti rò ó títí. Àwọn tó ni owó ni wọ́n wá wò bóyá wọ́n tòṣì tó láti náwó náà. Ẹ bá mi wò ó. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ fún iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àpò náà pé kí wọ́n fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ arúgbó lówó, kò sí ẹni tó máa lọ béèrè lọ́wọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà bóyá ìṣòro wà.

Mo pè é. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ san owó yàrá yẹn látinú owó ara yín.” Ó ní òun ń san owó ilé, òun ń san owó iléèwé, àti pé kí la wá ṣí fund fún tí òun bá tún máa san án látọwọ́ ara òun? Ó ní kí n má fi ẹ̀dùn ọkàn ṣe é, kí n jẹ́ ká fi ọgbọ́n ṣe é. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló dábàá pé kí wọ́n kó gbogbo owó inú àpò náà fún ẹgbẹ́ ńlá kan tó ń gbẹ́ kànga, tó ní orúkọ lọ́dọ̀ ìjọba, tó ní ìwé aláràbarà. Wọ́n gbà á lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Mi ò ní kànga burú. Omi dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ mu omi náà, mi ò mọ̀ wọ́n, bàbá mi kò mọ̀ wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi kò sì mọ̀ wọ́n, àwọn tí bàbá mi mọ̀ sì wà níbí tí wọ́n ń kó kẹ́tùlù sínú páálí.

A kó jáde kí Iléyá tó dé. Wọ́n gbé tábìlì náà lọ sí gáréèjì ẹnì kan ní Deptford. Ní báyìí, tí obìnrin kan bá kú, ibi tí wọ́n ń háyà la ń gbé e lọ, ọ̀nà rẹ̀ jìn, wákàtí tí a bá san owó rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fún wa. Ìdílé kan á jáde, ìdílé mìíràn á wọlé.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ kú lẹ́yìn tí a kó jáde.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Old Kent Road jẹ nínú àsìkò wa. Méjì nínú àwọn ìyá náà wá pẹ̀lú bọ́ọ̀sì, a sì ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ọwọ́ kò tó, ìyá mi sì na ìbọ̀wọ́ sí mi. Mi ò wẹ òkú rí. Mo wọlé.

Yàrá náà mọ́, irin ni gbogbo rẹ̀, omi gbígbóná ń bẹ níbẹ̀ bó ṣe wù kí a tú u tó. Mi ò lè fi ẹjọ́ sùn nípa ìyẹn. Irun Ìyá Àgbà ló dá wa dúró. Nígbà tó wà ní ọsibítù, ẹnì kan ti bá a di í wẹ́wẹ́, ó ti pẹ́, ó ti ta kókó, a sì gbọ́dọ̀ tú u ká tó fọ̀ ọ́, ká tún un dì. Ìyá mi fi orí náà lé mi lọ́wọ́. Mò ń tú u jẹ́jẹ́, torí ó ń ṣe mí bíi pé ó máa dùn ún. A kò tíì tú u dé ìdajì nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ọkùnrin tó ń bójú tó ibẹ̀. Ó ti ń sunkún láti òwúrọ̀, ohùn rẹ̀ ti há. “They said we have to wrap up,” ó ní. “There’s another family waiting. Ẹ ti ń pẹ́.”

Ẹnu mi là kí n tó mọ̀. “Ẹ pe fund yín! Ẹ ní kí wọ́n wá bá wa tú irun ẹni tó tọ́ yín!”

Ìyá mi ní, “Ó tó. Kì í ṣe lójú Ìyá Àgbà.” Ó gba orí náà lọ́wọ́ mi. Ó wo irun tó kù, ó wo ilẹ̀kùn, ó sì da omi lé e lórí pẹ̀lú dídì tó wà níbẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí omi lè wọ inú rẹ̀. Kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo mọ̀ láti ojú àwọn tó kù.

A wé e. Nígbà tó ku ibi ojú, àwọn ìyá náà tò yí i ká. Ó jẹ́ àṣà wọn pé kí wọ́n tó bo ojú òkú, ẹnì kọ̀ọ̀kan tó fọwọ́ kàn án máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá ọwọ́ ẹnì kan ti le jù, bóyá omi ẹnì kan ti gbóná jù. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí,” ó ní. “A kánjú wẹ̀ yín.”

Èyí tó tẹ̀ lé e sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó wá láti Brixton náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá kàn mí, gbogbo wọn sì ń wò mí. Mi ò sọ ọ́. Àwọn tó yẹ kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Àgbà kò sí nínú yàrá yẹn, mi ò sì ní bá wọn tọrọ rẹ̀.